Ọlọ Orí Àwẹ̀ró

Àlá tí Fẹ́hìntọlá lá ní ọ̀sán Àìkú nìyí, bó ṣe rọ́ ọ fún wa nírọ̀lẹ́. Olùkọ́ ni ní Ìlá. Ìwé ìtàn kan ló ń kà lórí ẹní tí oorun fi gbé e lọ.

Nínú ìwé náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Àwẹ̀ró àti Olúfúnmbi. Ìyá wọn ké pè wọ́n nínú òjò. Èyí rò pé ìyẹn á lọ, ìyẹn rò pé èyí á lọ. Kò sí ẹni tó lọ, Ìyá sì kú. Àwẹ̀ró kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Olúfúnmbi ní tirẹ̀ sunkún, ó jẹ́wọ́ fún gbogbo àdúgbò, nígbà tí ìyà sì dé, ó ń din àkàrà tà. Fẹ́hìntọlá ti bínú sí Àwẹ̀ró látàárọ̀: ọkàn obìnrin yìí mà le o!

Bó ṣe sùn báyìí, àwọn méjèèjì jáde láti inú ìwé, wọ́n kí i kú ìsinmi, wọ́n sì mú un lọ sí ọ́fíìsì kan tó ń léfòó lórí odò. Àwọn méjèèjì ru ọlọ. Kò ya Fẹ́hìntọlá lẹ́nu. Ó kàn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ni.

"Nínú àwọn méjì yìí, ta ló jẹ̀bi jù?" Ọ̀gá ọ́fíìsì ló bi í. Kó tó dáhùn, ọ̀gá ti di òbúkọ, ó ń jẹ kọ́tìnnì, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Fẹ́hìntọlá ní, "Ẹ rọra jẹ ẹ́, sà."

Olúfúnmbi sọ ọlọ tirẹ̀ kalẹ̀, ó ń fi lọ ẹ̀wà. Ti Àwẹ̀ró ń wúwo sí i, ọ́fíìsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Omi dé orúnkún.

"Àwẹ̀ró, sọ̀ ọ́ kalẹ̀!" Fẹ́hìntọlá pariwo.

Àwẹ̀ró mi orí. Ni ọlọ bá lanu: "Ọrùn ń dùn ọ́, ẹ̀yìn ń dun èmi náà. Èrè wo ni Ìyá rí jẹ nínú ẹrù yìí?"

Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró. "Mo gbọ́ nígbà tó pè," ó ní.

"Èmi náà gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi," Olúfúnmbi fèsì. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gba ọlọ, ọ́fíìsì sì fò sókè bí igbá òfìfo. Wọ́n din àkàrà, òbúkọ gba méjì. Fẹ́hìntọlá jẹ tirẹ̀, inú rẹ̀ sì tutù pẹ̀sẹ̀: àṣé ọkàn kọ́ ló le, ẹrù ló wúwo.

Ohùn kan jí i. Ìyá Tèmídire, aládùúgbò rẹ̀, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ àgbàdo ńlá lórí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ẹrù yìí."

Fẹ́hìntọlá dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì.