Ẹ Kọ́kọ́ Lọ Ná, Ìwé Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ìgbà méje ni mo tẹ àbá òfin kan ṣoṣo. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe akọ̀wé fáwọn aṣòfin, kò sì sí èyí tó dà mí láàmú tó obìnrin aṣòfin tó jẹ́ ọ̀gá mi báyìí. Tó bá kọ òfin tán, á pe màmá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa, á ní kó jókòó, á sì kà á sí i létí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ò bá ti yé màmá, àfi kí n tún un tẹ̀. Mo máa ń fapá jánú, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́?

Àmọ́ òfin yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Àbúrò mi obìnrin ló ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, adigunjalè mẹ́ta wọlé tọ̀ ọ́. Ó sá sínú yàrá tó ń kó ọjà sí, ó tilẹ̀kùn, ó sì pe àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ wá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn kí ọkọ̀ tó lè gbéra.

Ó ní, "Inú yàrá ni mo wà. Wọ́n ń jálẹ̀kùn lọ́wọ́."

Wọ́n ní kó rán èèyàn wá.

Àwọn olè já ilẹ̀kùn náà, wọ́n sì fi irin ṣẹ́ ẹ lápá ọ̀tún. Látọjọ́ náà ni kò ti ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá lè wá tí mo bá pè, mo máa gbà á." Mo fi kọ́ ìṣó lókè tábìlì mi. Ọ̀gá mi rí i, ó bi mí, mo sọ fún un. Ibẹ̀ ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ìwé mọ́kànlá ló ní. Nígbà tí ọ̀gá mi kà á lẹ́ẹ̀keje, màmá yán.

Màmá ní, "Ṣé kì í ṣe pé ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí, ni gbogbo èyí ń sọ?"

Ọ̀gá mi mú pẹ́ńsùlù, ó wọ́gi lé ojú ìwé mẹ́wàá. Ohun tó ṣẹ́kù ni pé tí ará ìlú bá pè, kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ lọ, kí ìwé tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí ilé ìgbìmọ̀ máa túká pátápátá ni wọ́n tó gbé e jáde. Àbá òfin tí ilé ò bá fohùn sí lọ́jọ́ náà ti kú nìyẹn. Alága ìgbìmọ̀ ààbò dìde, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ó-Di-Ọ̀la, torí kò sí ohun tí kì í sún síwájú.

Ó ní, "Ìwé ló ń dáàbò bo ará ìlú. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yẹ̀ ẹ́ wò."

Àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lókè níbi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí.

Ọ̀gá mi ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò yín. Ẹ má dárúkọ. Ẹ kàn bi wọ́n pé tólè bá wọlé yín, kí ni wọ́n máa ṣe."

Abẹnugan gbà bẹ́ẹ̀, Ó-Di-Ọ̀la sì pè. Wọ́n gbé fóònù síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo ilé ń gbọ́.

Ọlọ́pàá ní, "Ọ̀gá, ẹ máa kọ́kọ́ wá kọ̀wé. Ẹ mú fọ́tò méjì dání."

"Tí olè bá ti wà lọ́rùn mi ńkọ́?"

"Ẹ rán èèyàn wá."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, àmọ́ wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ọlọ́pàá náà kò mọ̀ pé èèyàn ń gbọ́ òun. Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi náà níyàwó nílé. Mo ti jáde láìkọ̀wé rí, wọ́n já mi nípò. Ọkọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà níbí. Òfin ni ò jẹ́ ká lọ."

Ó-Di-Ọ̀la gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí Abẹnugan.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é lónìí." Ọdún méjìlá tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni" tí wọ́n jùmọ̀ ké mi fèrèsé tìtì. Mo sunkún, ojú ò sì tì mí. Olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ kejì, àbúrò mi sì wá yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lára ìṣó.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó pè mí lọ́sàn-án.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn méjì tún wá jà mí lólè. Mo sá sí yàrá, mo pe ọlọ́pàá. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fi dé. Wọ́n ti mú méjèèjì."

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Mo ní, "Apá ẹ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò ṣe é ní nǹkan kan. Òun ni mo fi ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn báyìí."