Ìgò Kékeré Inú Fìríìsà Ẹlẹ́ja

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lókèèrè. Ìkòkò ti wà lórí iná. Baseerah ló ń sọ̀ kalẹ̀ yìí létí ọ̀sà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, tó gbá kúlà, àpótí tó ń mú nǹkan tutù, mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Iná ti lọ ní yàrá ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkòròdú, epo jẹnẹrétọ̀ tán, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti lọ sílé Iléyá. Òun nìkan ló kù, bíi ti èṣí. Nínú yàrá tó háyà ní àdúgbò Lasunwon n'Íkòròdú níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó jẹun. Ìgò kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ nínú kúlà náà ló ń ṣọ́: àntíbọ́dì ni, omi tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù, èròjà inú ara tó ń pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì pín, kí ojú lè rí ẹ́ńsáìmù náà lábẹ́ ẹ̀rọ. Òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á. Bó bá bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ lórí jẹjẹrẹ dúró nìyẹn.

Ó gbé e fún Rọ̀kíbátù, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja, tó sì ní fìríìsà, ó ní kí wọ́n bá òun jẹ́ kó tutù, ó sì lọ kí àwọn àgbà ilé. Kò rántí sọ pé kò gbọdọ̀ dì. Lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, ohun tí kò dì, kò tíì tutù. Rọ̀kíbátù ń kọrin:

"Sùn o, ẹja mi, sùn,
Oòrùn ò ní fojú kàn ọ́."

Ó sì ri ìgò náà sábẹ́ ẹja ọ̀bọ̀kún, ní ìsàlẹ̀ fìríìsà.

Nígbà tí Baseerah padà dé, omi náà ti le bí òkúta. Ó rọra jókòó sórí àpótí ẹja.

"Ṣebí yóò yọ́," ni Rọ̀kíbátù wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, Àǹtí mi. Ṣùgbọ́n bí omi yìí kò bá dá ẹ́ńsáìmù yẹn mọ̀ mọ́, yóò ní ẹ́ńsáìmù ò sí níbẹ̀, àwa náà á sì gbà á gbọ́."

Ó pe Dókítà Adéòjó, ọ̀gá rẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí àwọn yóò fi dán an wò. Bó bá ti bàjẹ́, àwọn á tún dúró de òmíràn láti òkè òkun.

Baseerah gbé kúlà òfìfo, ó dojú kọ ibùdókọ̀.

"Ta ló ń dúró dè ọ́ n'Íkòròdú?" ni Rọ̀kíbátù bi í.

Baseerah gbé kúlà náà kalẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó bá àwọn ará ilé jókòó ti ìrẹsì àti ẹran àgbò. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Baseerah náà gba ilé bàbá rẹ̀ níbẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lọ.