Ìwé Páìpù

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, páìpù bẹ́ níwájú ilé ìtajà fóòmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, omi sì gba gbogbo títì. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Onípáìpù. Òun àti àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, gbẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń tún un ṣe títí ọ̀sán fi pọ́n.

Bàbá kì í bo kòtò láìkọ́kọ́ ya ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe é. Ilé tí páìpù rẹ̀ gba abẹ́ ògiri, títì tí omi ti pín yà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ omi pàápàá máa ń wá bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ káwọn wò ó.

Páìpù tí wọ́n bá nínú kòtò yìí tóbi bí itan àgbàlagbà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló sì dorí kọ.

“Bàbá, fóòmù wo ló ń mu omi tó báyìí?”

“Bóyá wọ́n ń fọ̀ ọ́ ni.”

“Ta ló tiẹ̀ rà á rí? Láti kékeré mi, fóòmù kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.”

“Aláròyé! Mú pẹ́ńsùlù wá, jàre.”

Ó ya páìpù náà, ó kọ bó ṣe jìn tó, ó sì fi kún un pé omi rẹ̀ á tó igba ènìyàn lò. Kò tíì kọ ọ́ tán tí ẹni tó ń ta fóòmù fi dúró lé e lórí, ó nàró ṣánṣán. Ọkùnrin méjì jáde láti ẹ̀yìn fóòmù nínú aṣọ ológun, tìbọn-tìbọn.

“Bàbá, ẹ mú ìwé yẹn wá,” ni ẹni tó ń ta fóòmù wí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fa ojú ewé kan yẹn ya fún yín.”

“Gbogbo rẹ̀.”

“Gbogbo ìlú ló wà nínú rẹ̀!”

“Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn.”

Ọmọ rẹ̀ fà á láṣọ. “Ẹ fún wọn, Bàbá mi. Ṣé ẹ ò rí ìbọn ni?”

Ó fún wọn. Wọ́n ní kí ó dí kòtò náà, ó dí i. Wọ́n kí i kú iṣẹ́.

Nílé, ó gbìyànjú láti fi ìrántí tún un yà. Ó rántí títì mẹ́rin. Ìkarùn-ún dàrú mọ́ ọn lójú. Lóṣù kẹfà, páìpù bẹ́ lábẹ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ihò mọ́kànlá ni wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó rí i, ọjọ́ mẹ́ta gbáko sì ni àwọn agbẹ̀bí fi ru omi.

Ìwé náà kò padà wá. Kò ní ẹ̀dà.