Ilà Tó Pòórá Lára Ògiri

"Má fi àwòrán kejì yẹn han ẹnikẹ́ni o," ọ̀gá sọ lórí fóònù. "Àkọ́kọ́ ni kó o gbé wá síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí lọ́la. Ògiri dán, a ò rí nǹkan kan. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́."

Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwòrán méjèèjì wà lójú kọ̀ǹpútà, lórí tábìlì ìjẹun. Ògiri kan náà ni, ògiri tó dí odò lókè ìlú, tó wó lọ́jọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, tí omi sì gbé àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ inú ògiri ń fi ránṣẹ́, kó sì sọ wọ́n di àwòrán. Nọ́ńbà pọ̀, ààyè ò tó, ló bá máa ń fún wọn pọ̀ kí wọ́n lè kéré. Kọ̀ǹpútà a sì ju èyí tó bá kà sí pàǹtí nù. Ní ti àwòrán àkọ́kọ́, tó yà kí ògiri tó wó, ó fún wọn jù. Àwòrán dán gbinrin, ọ̀gá yìn ín. Ibi tí ògiri ti là ni kọ̀ǹpútà jù nù. Àwòrán kejì, àárọ̀ yìí ló yà á, látinú nọ́ńbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì fún pọ̀.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí ló ń ṣọ́ ògiri náà. Agùntáṣọọ́lò ló ń pè é. Lóṣù tó kọjá, ìdí tábìlì yìí kan náà ló ti wá bá a.

"Ìyàwó wa, mò ń gbọ́ omi nínú ògiri yẹn o. Ṣé kí n ṣì máa lọ?"

"Agùntáṣọọ́lò, etí yín ló ń tàn yín jẹ. Ẹ wò ó, ó dán ju ojú yín lọ!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde láti yàrá, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lò ń wò látàárọ̀, ìyàwó mi?"

"Ògiri yẹn ni, Màámi."

Màmá ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fi ìka kan àwòrán kejì. "Ilà dúdú wo nìyí, tí kò sí lára èkíní?"

Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í. Ó pa fóònù mọ́ ọ̀gá lẹ́nu, ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo pa á rẹ́, Màámi. Ọmọ yín bi mí, mo ní kò sí níbẹ̀."

Ìka màmá ò kúrò lára ilà náà.

"Má tíì dìde," ó ní. "Tún un sọ. Bó o ṣe máa sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ lọ́la ni kó o sọ ọ́."