Ògúnjìnmí àti Mọ́tò Tí Kì í Pariwo

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ògúnjìnmí fi wa mọ́tò kí ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ tó kógbá sílé, kò sì sí ọkọ̀ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ó máa ń sọ èyí fún ẹni tó bèèrè, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò bèèrè. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì tó ti ń jókòó sílé ní Kuje, lẹ́bàá Festac, ìtàn yẹn kò ra gààrí. Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi fò sókè lọ́jọ́ tí Jesse Olúṣẹ̀yẹ ránṣẹ́ pè é wá sí Festac.

Festac ni wọ́n bí Jesse sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó ti di díkínì, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì olówó ńlá ní Victoria Island. Lọ́dún 2012 ló ra mọ́tò kan láti Amẹ́ríkà, tó ń mu epo bíi mọ́tò, tó tún ń gba iná bíi fóònù. Wọ́n á ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri, á máa fa iná sára. Jesse ní kí òun lè bọ́ lọ́wọ́ owó epo lòun ṣe rà á. Iná kò sì sí ní àdúgbò, nítorí náà, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, jẹnẹrétọ̀ ló ń tàn kí mọ́tò rẹ̀ lè rí iná gbà. Jálá márùn-ún wọ inú jẹnẹrétọ̀ kí mọ́tò má bàa mu jálá méjì. Kò sí ẹni tó láyà láti ṣírò rẹ̀ fún un, nítorí ó ti jẹ́rìí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́.

Ọ́fíìsì wá rán an lọ sí Aberdeen fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní Èkó, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò kì í fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ láìwá ẹni tí yóò máa bá a wọ́ọ̀mù rẹ̀: ẹni náà á tan án láràárọ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná, bátìrì ò ní kú, á sì pa á. Iṣẹ́ tí Jesse torí ẹ̀ pe Ògúnjìnmí nìyẹn.

"Bàbá, ẹ bá mi máa wọ́ọ̀mù ẹ̀ láràárọ̀," Jesse ní. "Tí mo bá dé tí mo bá a bí mo ṣe fi í sílẹ̀, iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà ọ́fíìsì wa, tiyín ni. Mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́."

Ó fi ìka han bàbá bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀, ó já kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì sáré wọ táásì tó ti ń fọn fèrè lẹ́nu géètì. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ògúnjìnmí jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná oríṣiríṣi tàn níwájú rẹ̀ bí ìyẹ̀wù ìyàwó, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì kò dún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí olówó ń san owó sí nìyẹn, kí nǹkan máa ṣiṣẹ́ láìpariwo. Ó bu wákàtí kan fún un, nítorí mọ́tò òkè òkun yẹ kó gbóná dáadáa. Kò mọ̀ pé mọ́tò kò tíì tàn rárá. Irú ọkọ̀ yẹn, bí èèyàn ò bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréékì kó tó tẹ bọ́tìnnì, iná àti rédíò nìkan ló máa jí, tí wọ́n á sì máa fa bátìrì mu bí ọmọ tó ń mu ọmú. Ta ló sì ń tẹ bíréékì kó tó tan mọ́tò? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Ògúnjìnmí kò ṣe irú ẹ̀ rí.

Ìfẹ́dayọ̀, obìnrin tó ń gbé ilé kejì, jáde tòun ti pákò lẹ́nu. Mọ́tò ọkọ tiẹ̀ máa ń yọ èéfín tó lè lé ẹ̀fọn kúrò ní gbogbo àdúgbò. Ó bi bàbá bóyá ó ti tàn, bàbá ní ó ti tàn. Ó na etí sí i, ó ní òun ń gbọ́ ọ díẹ̀, pé ó ń mí bí ọmọ tó yó. Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Jesse, ó sì fi wàásù lọ́jọ́ Sunday: ẹ wo mọ́tò díkínì wa, agbára tòótọ́ kì í pariwo.

Lọ́jọ́ kẹfà, Ògúnjìnmí tẹ bọ́tìnnì, kò sí iná, kò sí rédíò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó fi ìka àárín tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú ìyá ẹni tó ṣe é. Mọ́tò ti kú pátápátá. Bó ṣe fẹ́ jáde lọ wá ẹni sọ fún ni Ìfẹ́dayọ̀ yọ.

"Bàbá, tòní tún dákẹ́ ju tàná lọ o."

Ẹnu Ògúnjìnmí ti sọ ọ́ kí orí rẹ̀ tó mọ̀: "Bó bá ti ń gbóná sí i, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Jesse pè láti òkè òkun, ó bèèrè bóyá wọ́n ti wọ́ọ̀mù rẹ̀. Òtítọ́ gun òkè dé ọ̀nà ọ̀fun Ògúnjìnmí, ó bá iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà níbẹ̀, ó yà fún un. Bàbá ní òun ti wọ́ọ̀mù rẹ̀, sà, ohun tó sì ń sọ nìyẹn lójoojúmọ́ tí Jesse bá pè. Láti ọjọ́ yẹn, láràárọ̀ ni ó ń jókòó sínú mọ́tò tó kú, wákàtí kan gbáko, ọwọ́ lórí sítíárìn, ojú níwájú. Àwọn èèyàn ń kí i kú iṣẹ́. Pásítọ̀ mú àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wá wò ó kí wọ́n lè rí ohun tí ìgbàgbọ́ ń ṣe. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ ìyàtọ̀ láàárín mọ́tò tó tàn àti èyí tó ti kú.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Jesse dé, oorun dá lójú bàbá. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kò rí bátìrì níbi tí Ọlọ́run ń fi bátìrì sí. Ó gba Mazamaza lọ bá Àjíkẹ́, obìnrin tó ń ṣáàjì bátìrì lábẹ́ agbòjò lẹ́bàá títì, ó ní òun ní mọ́tò kan tí kò ní bátìrì.

"Bàbá, ìyẹn kì í ṣe mọ́tò," Àjíkẹ́ ní, "àga ni."

Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e. Búùtù kò ṣí, nítorí iná ló ń ṣí i, iná kò sì sí. Àjíkẹ́ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gba orí àga ẹ̀yìn rá wọ inú búùtù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ẹni tí ẹja ń gbé mì. Ó fa bátìrì kékeré kan jáde, kò tóbi ju kúlà ọmọ iléèwé lọ. Ó ní bátìrì ńlá tí mọ́tò fi ń rìn wà nísàlẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é, àmọ́ kékeré yìí ló ń jí i, òun ló sì kú. Ó wá yọ ìwé mọ́tò náà nínú àpótí iwájú. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Ó ya ọ̀rá náà, ó fi àwòrán ẹsẹ̀ tó wà lórí bíréékì han bàbá. Ògúnjìnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àjíkẹ́ ní kó má ṣèyọnu, pé lọ́sàn-án Saturday lòun máa gbé bátìrì dé, ó kúkú di Sunday kí Jesse tó dé.

Àárọ̀ Saturday ni Jesse dé.

Pásítọ̀ àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ gbé e ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀sán sì ti pọ́n kí wọ́n tó délé. Wọn ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n fi yí mọ́tò ká. Jesse wọ inú rẹ̀, ó tẹ bíréékì, ó tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Ògúnjìnmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti lọ.

"Ó ti tàn yẹn o," Ìfẹ́dayọ̀ ní. "Ẹ ò gbọ́ ọ?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Jesse wo bọ́tìnnì, ó wo àwọn èèyàn. Ògúnjìnmí rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà díẹ̀díẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé sítíárìn, tó sì rẹ́rìn-ín. Jesse ní bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ yẹn ló máa ń ṣe, pé kò sí ohun tó lè ṣe irú ẹ́ńjìnnì yẹn. Pásítọ̀ ní kó gbé àwọn yí ká dé Alákijà. Jesse ní òun ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ nínú bàlúù pé òun ò ní wa mọ́tò àfi tí òun bá kọ́kọ́ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣe àmín.

Àmín ọ̀hún wà lẹ́nu wọn tí Àjíkẹ́ fi wọlé, bátìrì lórí òṣùká.

"Bàbá, ẹ wá bá mi sọ bátìrì yín kalẹ̀. Ta ló tún jókòó sínú mọ́tò tí ò ní bátìrì?"

Ìfẹ́dayọ̀ rántí pé òun gbé ọbẹ̀ kaná. Pásítọ̀ ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ ẹsẹ Bíbélì sínú rẹ̀. Jesse bọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí Ògúnjìnmí, nítorí kò sí ẹlòmíì tó lè kọjú sí.

"Ẹ̀ ń purọ́ fún mi lórí fóònù, Bàbá. Lójoojúmọ́."

"Mo purọ́, sà," Ògúnjìnmí ní. "Iṣẹ́ ni mò ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́, kí lẹ purọ́ tiyín fún?"

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjíkẹ́ tún rá wọ ẹ̀yìn, ó de bátìrì mọ́ àyè rẹ̀, ó tan mọ́tò, ó sì gbé ìwé náà lé Jesse lọ́wọ́ bí olùkọ́ tó fún ọmọ níṣẹ́ àṣetiléwá. Ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Jesse jókòó sí àga iwájú, ó ń ka ìwé náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́, Ògúnjìnmí sì dúró tì í, kò mọ̀ bóyá kóun máa lọ.

Jesse gbójú sókè. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bàbá wọ̀ ọ́ lára. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ti rí i tó ń purọ́ níwájú pásítọ̀, ó sàn kó wà nítòsí.

"Ẹ wá ní Monday," ó ní. "Aago mẹ́fà ààbọ̀. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, Bàbá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún mi."

"Mo gbọ́, sà." Ògúnjìnmí tún fìlà rẹ̀ dé, ó mí kanlẹ̀. "Àga ẹ̀yìn ti ya. Ìbàdí Àjíkẹ́ ló ya á."

Jesse dìde lọ wò ó. Ó ya lóòótọ́, láti apá ọ̀tún dé apá òsì.