Oúnjẹ Ìrọ̀lẹ́ Nílé Màmá Lydia

Oúnjẹ adìyẹ ni èmi Níyì ń tà fáwọn tó ń sin adìyẹ káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ojú ọ̀nà sì ni mo fi ṣe ilé. Ẹni tó bá ń rìn bí mo ṣe ń rìn á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀sán ló máa ń le, ìrọ̀lẹ́ ni. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí gbogbo ayé ń darí sílé, tí èéfín ń jáde lẹ́yìnkùlé onílé, ìwọ nìkan lo máa dá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú òtẹ́ẹ̀lì kan, wàá máa wo ògiri, ògiri á máa wò ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wá òtẹ́ẹ̀lì tó ń fún èrò lóúnjẹ ìrọ̀lẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọ̀kánjúwà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Tábìlì tí èèyàn jókòó yí ká ni mò ń wá kiri.

Orí fóònù ni mo ti rí ti Ìwó. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé náà mọ́ tónítóní, pé ìyá àgbà kan ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ fún àlejò nírọ̀lẹ́, pé zóbò tútù sì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀. Bí mo ṣe parí iṣẹ́ ní Olúpọ̀nnà, ibẹ̀ ni mo dorí kọ. Ọlọ́kadà gbé mi gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kọjá. Igi dóńgóyárò tò sẹ́bàá ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sì pọ́n lára ewé wọn bí epo tuntun. Atẹ́gùn ń fẹ́ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó ń pariwo, ó sì ń ṣe mí bíi pé mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá rí lójú oorun.

Ilé àtijọ́ ni, ó ní fàráǹdà gbọọrọ. Ìyá àgbà kan jókòó síbẹ̀ bíi pé èmi gan-an ni wọ́n ń retí. Màmá Lydia nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo dé? Omi rèé."

Wọn ò tíì bi mí lórúkọ tí omi ti dé ọwọ́ mi. Nígbà tí mo mu ún tán ni wọ́n wá ń sọ ìtàn ilé náà fún mi. Olùkọ́ ni ọkọ wọn, Bàbá Ajíbóyè, ní ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Nígbà ayé bàbá, àlejò kì í wọ́n nínú ilé yẹn. Bàbá kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ ò fẹ́ kí ilé dákẹ́ jù fún Màmá, ni wọ́n bá sọ àwọn yàrá ibẹ̀ di òtẹ́ẹ̀lì kékeré. Màmá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní ta oúnjẹ fún àlejò láéláé.

"Kí wọ́n sanwó yàrá, ìyẹn ò burú," wọ́n ní. "Ta ní í gbowó oúnjẹ lọ́wọ́ àlejò?"

Tábìlì ti wà ní pálọ̀ nígbà tí mo wẹ̀ tán, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀. Mùkáílà, tó ń tún òpó fóònù ṣe, ti jókòó síbẹ̀. Iyán ń ru fìì, ẹ̀gúsí náà lẹ́wà débi pé inú mi dùn kí n tó fọwọ́ kàn án. Màmá jókòó sí ìkángun tábìlì, wọn ò gbé nǹkan kan síwájú ara wọn, ẹnu wa ni wọ́n ń wò.

Mo bu òkèlè, mo gbé e mì. Kò síyọ̀ níbẹ̀. Kò sí magí. Bí ọbẹ̀ tí èèyàn ń jẹ lójú àlá ló rí, téèyàn á jẹ ẹ́ títí tí kò ní mọ adùn kankan.

"Ọmọ mi, ó dùn bí?" Màmá bi mí.

"Ó dùn gan-an ni, Mà."

"Ó dùn kọjá ààlà, Mà," Mùkáílà gbè é lẹ́sẹ̀.

Màmá rọra mi orí. Ojú wọn kò tú ká, ó tún wá ṣú sí i ni. Kò pẹ́ tí àwa méjèèjì fi ní a ti yó, pé Ọlọ́run á máa bù sí i. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo yọ́ jáde lọ sọ́dọ̀ onísúyà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni mo bá níbẹ̀? Mùkáílà. A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ta ló fẹ́ wo ojú ìyá àgbà, kó ní oúnjẹ tí wọ́n fún òun lọ́fẹ̀ẹ́ kò dùn? Wọ́n kọ́ wa nílé o."

Lóòótọ́, ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Mo jẹ súyà mi, mo lọ sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá obìnrin kan lẹ́yìnkùlé tó ń ká aṣọ Màmá sínú báàgì. Ó kí mi, ó ní òun ni Lydia, àkọ́bí wọn, Ìbàdàn lòun ti dé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń ká aṣọ náà.

"Mo fẹ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ mi lọ́la, ká ti ilé yìí pa. Màmá ò jẹun mọ́. Dókítà ò rí àìsàn kankan lára wọn. Wọ́n ní gbogbo àlejò ló ń sọ pé ọbẹ̀ àwọn dùn, ẹnu àwọn nìkan ni kì í ti í dùn, wọ́n ní ahọ́n àwọn ti bá bàbá mi lọ. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti kú, wọ́n ní, kí ló ń jẹun sí? Ẹ sì wò ó, wọn ò fẹ́ kúrò níbí. Ẹ̀gbẹ́ ilé níbí la sin bàbá mi sí."

Mo lọ sí Ilé-Ogbó lọ tajà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa, pápá àgbàdo, ìkùukùu funfun tó ń lọ jẹ́jẹ́ lórí wọn, mò ń wò wọ́n, n kò rí wọn. Ìyá náà ni mò ń rí, tí wọ́n ń wo ẹnu wa. Ìwà ọmọlúàbí tiwa yìí ló fẹ́ fi ebi pa wọ́n, inú sì ń bí mi sí gbogbo wa.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a tún jókòó sídìí tábìlì, Lydia náà jókòó. Kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ nígbà tí Màmá béèrè:

"Ó dùn bí?"

"Ó dùn, Mà," Mùkáílà dáhùn kíá.

Mo dìde lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀ rárá."

Lydia ranjú mọ́ mi. "Irú èèyàn wo lẹ̀yin? Oúnjẹ tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́!"

"Ahọ́n wọn ò kú ni mò ń wí. Ti èmi náà ò mọ adùn kankan níbẹ̀. Irọ́ ni gbogbo wa ń pa fún wọn."

Lydia ti ìka bọ ọbẹ̀, ó lá a. Ó tún lá a. "Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "òótọ́ ni wọ́n sọ."

Màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè, wọ́n ń wò ó bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe bàbá yín. Dókítà ní kí n má ṣe fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ wọn mọ́, n kò sì fi sí i mọ́ láti ìgbà náà." Wọ́n gbé ọwọ́ náà lé àyà. "Áà! Tiwọn ni mò ń sè láti ọjọ́ yìí wá. Ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti lọ."

Wọ́n wá sunkún, ẹkún tí Lydia sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọn ò sun rí láti ọjọ́ ìsìnkú. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Mùkáílà ń wo ilẹ̀.

Lydia fẹ́ dìde lọ mú iyọ̀ wá. "Jókòó," Màmá wí. "Èmi ni màá lọ." A gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò nílé ìdáná, a gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń ro ọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bu ọbẹ̀ tuntun fún wa yí tábìlì ká, wọ́n wá bu tiwọn. Wọ́n gbé òkèlè sẹ́nu, wọ́n dì í mú síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n pa ojú dé.

"Ìbàdàn tí o wí yẹn, Lydia, èmi ò lọ mọ́," wọ́n ní. "Ta ni yóò máa se oúnjẹ fáwọn ọmọ wọ̀nyí?"

Lydia kò jiyàn. Màmá kọjú sójú fèrèsé, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú lórí sàréè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

"Bàbá Lydia," wọ́n rọra wí, "ó dìgbà o."

Wọ́n sì bu òkèlè mìíràn.