Mọ́tò Pupa Olinto

Orúnkún Ermes Bagnoli ti ń ké kó tó wọnú mọ́tò náà tán. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, mọ́tò eré ìje aláwọ̀ fàdákà tí àwọn ará Jámánì ṣe lọ́dún 1965 yìí sì rẹlẹ̀ débi pé bí ẹni ń dùbúlẹ̀ lèèyàn ṣe ń jókòó sínú rẹ̀.

"Ṣé kí n fà yín wọlé ni?" Ivonne bi í. Òun ti jókòó ní tirẹ̀, ó mú aago ìdíje dání.

"Jẹ́ n mí ná, ìyàwó wa."

Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ti sin Olinto, ọkọ Ivonne. Ọgbọ̀n ọdún ni Olinto àti Ermes fi ń jiyàn kan ṣoṣo nídìí kọfí àárọ̀ ọjọ́ Sunday: mọ́tò pupa ti Olinto, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Ítálì níbí, àti fàdákà ti Ermes, èwo ló yá jù lórí òkè Brisighella? Wọ́n á pariwo, wọ́n á lu tábìlì, àmọ́ wọn ò dán an wò rí. Bí Ermes bá ní kí wọ́n lọ, táyà Olinto ti jẹ nìyẹn. Bí Olinto bá ní ó yá, Ermes á ní òjò ń ṣú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ivonne wá pè é pé, "Ẹ wá ká parí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti sú mi."

Ó ti sú Ermes náà. Látọjọ́ ìsìnkú, bó ṣe ń jí ló ń rẹ̀ ẹ́.

Ó tẹ iná mọ́ fàdákà láti ẹnu afárá ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ìdí rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń jáde ní kọ́nà, àmọ́ ẹni tó bá yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí iná láàárín kọ́nà, ìdí yẹn á fẹ́ ṣíwájú orí. Ermes ò yọ ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì òkè, Ivonne wo aago: ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá.

Wọ́n padà sísàlẹ̀, wọ́n bọ́ sínú pupa tí Ermes ti gbé wá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohùn tìyẹn dùn, ó sì ń fò lójú ọ̀nà tó bá tọ́, àmọ́ sítíárìn rẹ̀ le bí òkúta, èèyàn sì gbọ́dọ̀ tètè tẹ búréèkì rẹ̀ kí kọ́nà tó dé. Apá Ermes ń ro ó. Ó yà á lẹ́nu pé òun ń fi gbogbo agbára òun wà á ju bóun ṣe wa tòun lọ, tóun sì ń bẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ẹnu pé, "Ṣe kíá, jọ̀ọ́."

"Mẹ́ta àti mẹ́rìndínlógún," ni Ivonne wí. "Ẹ̀yin lẹ borí."

Ermes pa ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó pè é ní oníjìbìtì, kò sẹ́ni tó ní aago ń purọ́.

"Jẹ́ ká sọ pé mẹ́ta àti mẹ́wàá ni," ó ní. "Ta ló máa mọ̀?"

"Olinto mọ̀."

"Olinto wo?"

"Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tẹ́ ẹ wà nílé ìwòsàn, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín sílẹ̀ fún un. Ó wa méjèèjì gòkè yìí lẹ́ẹ̀meje. Tiyín ló ń borí ṣáá. Ó délé, kò jẹun. Ó ní, 'Ivonne, má sọ fún un o. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá tán, kí ló kù tí yóò máa gbé e wá sílé wa?'"

"Ó sì ń búra lójú mi! Fún ọdún mọ́kànlá!"

"Ó ń búra. Èmi sì ń bu kọfí."

"Òpùrọ́ ni," Ermes wí. Inú kọ́kọ́ bí i, ìyẹn náà sì rẹ̀ ẹ́. Ó gbé orí lé sítíárìn, ó bú sẹ́kún. Ivonne jẹ́ kó sunkún tán.

"Ó dáa, ẹ sọ̀kalẹ̀," ó ní. "Èmi ni màá wà á délé. Olinto ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n wà?"

"Mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á fún ọgbọ̀n ọdún."

Ivonne rọra ń wà á sọ̀ kalẹ̀ débi pé bàbá kan tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá wọn, ó sì juwọ́ sí wọn. Wọn ò tíì dé kọ́nà kejì tí Ermes fi sùn lọ.